Bí Ìdánwò Bá Ti Rí ni Ìmúrasílẹ̀ Í Rí

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, ìtàn ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì fi hàn pé irú ìbéèrè tí a bá bi akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò múra fún. Ní ọdún 1913, Yunifásítì Cambridge dá irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn àjèjì tí yóò máa kọ́ni ní èdè náà. Wákàtí 12 ni. Ìtumọ̀ èdè, àròkọ, gírámà, lítíréṣọ̀ àti ọ̀rọ̀ sísọ wà nínú rẹ̀. Ènìyàn 3 péré ni ó jókòó fún un. Kò sí èyí tí ó yege.

Ní 1964 ni TOEFL bẹ̀rẹ̀ fún àwọn tí ń lọ sí yunifásítì Amẹ́ríkà. Yíyan ìdáhùn ni ó jẹ ẹ́ lógún. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹni tí ń wá àyè fún ẹ̀kọ́ lẹ́yìn oyè àkọ́kọ́ lè gba máàkì gíga, kí ó má sì lè bi ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ̀ ní ìbéèrè. Ní 2005, nínú ẹ̀dà tuntun rẹ̀, wọ́n yọ abala gírámà, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ sísọ rọ́pò rẹ̀.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa fi ìbéèrè àtijọ́ nìkan múra. Ìdánwò gan-an ń bẹ nínú yàrá ẹ̀kọ́.