Purotéènì tí kò ká dáadáa: Ìdí tí kánfọ̀ fi léwu fún ọmọ tuntun

Láti Sẹkọna títí dé Ilé-Ifẹ̀, bọ́ọ̀lù funfun kékeré ni ọ̀pọ̀ ìdílé fi ń lé kòkòrò kúrò nínú aṣọ. Kánfọ̀ la mọ̀ ọ́n sí. Naphthalene ló wà nínú rẹ̀. Ó lè ṣe ọmọ tuntun kan ní jàǹbá, kó má ṣe èkejì ní nǹkan kan. Kí ló fà á?

Bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń ṣe é

Purotéènì ló ń ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ inú ara. Bí sẹ́ẹ̀lì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe é, ńṣe ló gùn gbọọrọ bí okùn. Àfi kó ká jọ bó ṣe yẹ kó tó lè ṣiṣẹ́. Èyí tó ń jáde síta, bí insulin, máa ń ká nínú yàrá kan tí wọ́n ń pè ní endoplasmic reticulum. Bí èyí tí kò ká dáadáa bá pọ̀ jù níbẹ̀, sẹ́ẹ̀lì á dín iṣẹ́ kù, á sì kó èyí tó bàjẹ́ dànù. Bí apá rẹ̀ kò bá ká a, á pa ara rẹ̀. Iṣẹ́ lórí èyí ni Peter Walter àti Kazutoshi Mori fi gba àmì ẹ̀yẹ Lasker lọ́dún 2014.

Ti ẹ̀jẹ̀ yàtọ̀

Sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ kò ní yàrá yìí mọ́, kò sì lè ṣe purotéènì tuntun. Èyí tó bá wà lára rẹ̀ ni yóò lò fún nǹkan bí 120 ọjọ́. Ọ̀kan nínú wọn ni G6PD, tó ń dáàbò bò ó lọ́wọ́ àwọn kẹ́míkà kan. Lára ọ̀pọ̀ èèyàn nílẹ̀ Yorùbá, G6PD tí wọ́n bí mọ́ wọn kì í ká le dáadáa, ó sì ń tètè bàjẹ́. Ó tó nǹkan bí ọkùnrin kan nínú márùn-ún. Ìyá ni ọmọkùnrin ti ń jogún rẹ̀. Lucio Luzzatto ṣiṣẹ́ lé e lórí ní Ìbàdàn ní àwọn ọdún 1960.

Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá fa kánfọ̀ símú, sẹ́ẹ̀lì pupa rẹ̀ lè máa fọ́. Ojú àti ara rẹ̀ á wá yẹ́lò. Tó bá wọ ọpọlọ, ó lè sọ ọmọ di adití tàbí kó pa á. J. A. Owa, oníṣègùn ọmọdé ní Ilé-Ifẹ̀, tẹ ìwádìí jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí lọ́dún 1989.

Ohun tó yẹ kí ẹ ṣe

Ẹ̀yin ìyá, ẹ má kó kánfọ̀ sáàárín aṣọ ọmọ. Bí ojú ọmọ bá yẹ́lò, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Àgbo tàbí oòrùn àárọ̀ kò lè rọ́pò ìtọ́jú dókítà. Ẹ sọ bó bá ti ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí, kí ẹ sì béèrè fún àyẹ̀wò G6PD.