Ǹjẹ́ Gègé Ń Bọ́ni? Láti Harpurhey Dé Òkè-Igbó

Ní ìpàdé wa kan, a bi àwọn ọmọ léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ dà bí wọ́n bá dàgbà. Ọ̀kan ní òun yóò ṣe dókítà, òmíràn ní òun yóò ṣe lọ́yà, àwọn òbí sì pàtẹ́wọ́. Nígbà tí ó kan ọmọdébìnrin kan, ó ní òun fẹ́ di òǹkọ̀wé. Ilé pa lọ́lọ́. Ìyá rẹ̀ kò bínú, ṣùgbọ́n ó bi í ní ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa ìbá bi í: "Ṣé ìyẹn ni o máa jẹ?" Ìbéèrè náà kì í ṣe ti ẹ̀gàn. Àwa tí a fi ilé sílẹ̀ wá sí ìlú òtútù yìí, tí a ń ṣe iṣẹ́ òru, tí a sì ń san owó ilé lóṣooṣù, a mọ ohun tí ojú aláìní ń rí. Nítorí náà ni a fi rò pé ó yẹ kí á wo ìtàn, kí á mọ bí àwọn tí ó ti kọ̀wé ṣáájú ṣe jẹun.

A kò níí lọ jìnnà kí á tó bẹ̀rẹ̀. Ní Harpurhey níbí, ní òpópónà tí à ń pè ní Carisbrook Street, ni a ti bí ọmọkùnrin kan ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì ọdún 1917. John Burgess Wilson ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Anthony Burgess ni ayé mọ̀ ọ́n sí. Kò tíì pé ọmọ ọdún méjì nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn ọdún 1918, èyí tí àwọn àgbà wa nílé ń pè ní lúkúlúkú, pa ìyá rẹ̀ àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin láàárín ọjọ́ díẹ̀ síra wọn. Bàbá rẹ̀ a máa tẹ dùùrù ní ilé ọtí, a sì máa tajà.  Ọmọ yìí lọ sí ilé-ìwé àwọn Kátólíìkì, ó sì gboyè ní Yunifásítì Manchester ní ọdún 1940.

Iṣẹ́ olùkọ́ ni ó bọ́ ọ. Ní ọdún 1954, ó gba iṣẹ́ lábẹ́ ìjọba amúnisìn, ó lọ ń kọ́ àwọn ọmọ ní Malaya. Ibẹ̀ ni ó ti kọ ìwé ìtàn-àròsọ rẹ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1956, nígbà tí ó ti ń lọ sí ọmọ ogójì ọdún. Nítorí pé òṣìṣẹ́ ìjọba ni, orúkọ míràn ni ó fi sí ara ìwé náà, orúkọ ọ̀hún sì mọ́ ọn lára títí ó fi kú.

Ní ọdún 1959, ó dákú nínú kíláàsì ní Brunei, wọ́n sì dá a padà sí ìlú Gẹ̀ẹ́sì. Òun fúnra rẹ̀ máa ń sọ pé àwọn dókítà sọ fún òun pé kókó wà nínú ọpọlọ òun, òun kò sì níí lò ju ọdún kan lọ. Àwọn tí ó kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ lẹ́yìn náà kò fi gbogbo ara gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́. Èyí ó wù kí ó jẹ́, ó ní òun jókòó, òun kọ ìwé márùn-ún àti ààbọ̀ láàárín ọdún náà, kí opó òun lè rí nǹkan jẹ. Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ ti rí: ọkùnrin yìí rò pé òun yóò kú, ìwé ni ó ń kọ bí ẹni tí ń gbin iṣu sílẹ̀ de ẹbí rẹ̀. Kò kú. Ó lo ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n sí i, títí di oṣù Kọkànlá ọdún 1993.

Ìwé márùn-ún àti ààbọ̀ náà kò sọ ọ́ di olówó. Ohun tí ó fi gbé ẹ̀mí ró ni pé ó ń ka ìwé àwọn ẹlòmíràn, ó sì ń kọ èrò rẹ̀ nípa wọn sínú ìwé ìròyìn. Bí ó bá ti kà wọ́n tán, a kó wọn sínú àpótí, a gbé wọn wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí London, a sì tà wọ́n fún oníṣòwò ìwé ní ìdajì iye wọn. Ní ọdún 1963, ìwé ìròyìn Yorkshire Post fi ìwé kan ránṣẹ́ sí i pé kí ó yẹ̀ ẹ́ wò. Òun gan-an ni ó kọ ìwé ọ̀hún, ṣùgbọ́n orúkọ ìnagijẹ míràn, Joseph Kell, ni ó fi kọ ọ́. Ó yẹ ìwé ara rẹ̀ wò, àṣírí tú, wọ́n sì lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Ọdún 1962 ni ìwé rẹ̀ tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ, A Clockwork Orange, jáde. Nígbà tí wọ́n fi ṣe fíìmù ní ọdún 1971, ó ráhùn pé owó tí wọ́n fún òun kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí fíìmù náà pa. Lóòótọ́, ó lówó nígbẹ̀yìn, ó sì ní ilé káàkiri Yúróòpù. Ṣùgbọ́n ìwé ìtàn-àròsọ nìkan kọ́ ni ó fún un ní ọlà yẹn. Ó kọ ọ̀rọ̀ fún tẹlifíṣọ̀n, irú bí Jesus of Nazareth ti ọdún 1977, ó sì lọ kọ́ni ní àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà. Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Ààrò tirẹ̀ tilẹ̀ ju mẹ́ta lọ.

Ẹ jẹ́ kí á wá yíjú sí ilé. Nígbà tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta ní oṣù Kejìlá ọdún 1859, ọgọ́fà owó ẹyọ ni wọ́n ń ta ẹyọ kan. Iṣẹ́ ìjọ Ọlọ́run ni ó gbé e dúró. Nígbà tí wọ́n lé àwọn òyìnbó kúrò ní Ẹ̀gbá ní ọdún 1867, ìwé náà kú. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti wà nílẹ̀: ẹni tí ó ń kọ Yorùbá nílò ẹni tí yóò gbé e ró.

Ìtàn Àlùfáà Samuel Johnson ni ó dun ni jù. Iṣẹ́ àlùfáà ni ó ń ṣe ní Ọ̀yọ́, ó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún gba ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn àgbà àti àwọn arókin sílẹ̀ kí ó tó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní ọdún 1897. Wọ́n fi í ránṣẹ́ sí òǹtẹ̀wé kan ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ìwé sì sọnù. Nígbà tí wọ́n lọ béèrè, onítọ̀hún ní òun kò rí i mọ́, òun ṣetán láti san owó rẹ̀. Owó wo? Johnson kú ní ọdún 1901 láìfojú rí ìwé rẹ̀. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, kó àwọn àkọsílẹ̀ tí ó ṣẹ́kù jọ, ó tún un kọ. Ogun àgbáyé kìíní dé. Àwọn ará Jámánì gba ọkọ̀ Appam tí ó ń gbé ìwé náà lọ lójú òkun ní ọdún 1916. Nígbà tí ìwé náà jáde níkẹyìn ní ọdún 1921, Dókítà náà fúnra rẹ̀ ti kú. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò, kò sí ẹni tí ó jẹ kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Síbẹ̀, ta ni nínú wa tí ó lè sọ ìtàn Yorùbá lónìí láìdárúkọ Johnson?

Àwọn kan rí ọgbọ́n míràn dá: wọ́n ra ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, tàbí wọ́n dá ìwé ìròyìn tiwọn sílẹ̀. Dẹ́nrelé Ọbasá ní ilé ìtẹ̀wé Ìlàrẹ́ ní Ìbàdàn, ó ń gbé The Yoruba News jáde láti ọdún 1924, ibẹ̀ náà ni ó sì ti tẹ àwọn ìwé ewì rẹ̀, èyí tí àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1927. Ní Èkó, Isaac B. Thomas ni ó ni Akéde Èkó. Láti ọdún 1929 wọ ọdún 1930, ó ń tẹ ìtàn Sẹ̀gilọlá síbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, bí ẹni pé obìnrin kan ni ó ń kọ lẹ́tà sí olóòtú láti orí àìsàn. Àwọn ará Èkó gbà á gbọ́, wọ́n ń kọ̀wé sí olóòtú nípa rẹ̀. Nígbà tí ìtàn parí, ó sọ ọ́ di ìwé, ó tún un tà. Ẹ kíyè sí i pé Ọbasá àti Thomas kò dúró de òǹtẹ̀wé. Òwò ni wọ́n ń ṣe, ewì àti ìtàn sì ń bá òwò náà rìn.

Fágúnwà ńkọ́? Ọmọ Òkè-Igbó ni, ọdún 1903 ni a bí i. Olùkọ́ ni ní Ọ̀yọ́ nígbà tí ó kọ Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ fún ìdíje tí ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ ìjọba ṣe ní ọdún 1936. Ìwé náà jáde ní ọdún 1938. Bí àwọn ọmọ ilé-ìwé ti ń kà á tó, tí ó sì tún kọ mẹ́rin mìíràn tẹ̀ lé e, Fágúnwà kò fìgbà kan rí fi iṣẹ́ oṣù sílẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka ìwé kíkọ ti Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ní Ìbàdàn. Láti ọdún 1959, ó di aṣojú Heinemann ní Nàìjíríà. Heinemann kan náà ni ó ń tẹ ìwé Burgess jáde ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì! Ọmọ Harpurhey àti ọmọ Òkè-Igbó, olùkọ́ ni àwọn méjèèjì, ilé kan náà sì ni wọ́n bá da nǹkan pọ̀. Oṣù Kejìlá ọdún 1963 ni Fágúnwà bómi lọ ní Wuya, nítòsí Bida, lójú ọ̀nà ìrìn-àjò rẹ̀ ní òkè Ọya. Ẹni ọgọ́ta ọdún ni, ẹnu iṣẹ́ ni ó sì wà.

Amos Tutùọlá ọmọ Abẹ́òkúta tilẹ̀ kọ tirẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ìránṣẹ́ ni ó jẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba ní Èkó nígbà tí Faber tẹ The Palm-Wine Drinkard jáde ní London ní ọdún 1952. Dylan Thomas yìn ín nínú ìwé ìròyìn The Observer. Ìwé náà dé Amẹ́ríkà, wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí èdè mìíràn. Ní ọdún 1956, iṣẹ́ wo ni Tutùọlá lọ ń ṣe? Ó lọ ń tọ́jú ilé ìkẹ́rùsí ní ilé-iṣẹ́ rédíò ní Ìbàdàn, ibẹ̀ ni ó sì wà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Òkìkí yàtọ̀ sí owó.

Ní ti Akínwùmí Ìṣọ̀lá, iṣẹ́ olùkọ́ yunifásítì ní Ifẹ̀ ni ó bọ́ ọ. Ó Le Kú jáde ní ọdún 1974, ó sì tó ọdún mẹ́tàlélógún kí Túndé Kèlání tó fi ṣe fíìmù ní ọdún 1997. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò ka ìwé náà rí ni ó mọ ìtàn rẹ̀ láti inú fíìmù. Hubert Ògúndé ní tirẹ̀ fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀ ní ọdún 1946 pátápátá, ó sì jẹun nínú eré rẹ̀ títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fẹ́ wo eré Ògúndé níláti san owó lẹ́nu ọ̀nà. Ìwé ní tirẹ̀, ẹnì kan ni yóò rà á, ènìyàn mẹ́wàá ni yóò yá a kà. Nígbà tí ètò SAP dé ní ọdún 1986, owó bébà gòkè, àwọn òǹtẹ̀wé kò sì fẹ́ tẹ ohun tí kì í ṣe ìwé ilé-ìwé mọ́. Àwọn olè atẹ̀wé náà kò jẹ́ kí díẹ̀ tí ó kù dé ọwọ́ ẹni tí ó ni ín, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé wà.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àìlójú ọjà èdè wa nìkan ni ó fà á. Ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì níbí, ìwádìí tí ẹgbẹ́ ALCS ṣe ní ọdún 2022 fi hàn pé láàárín àwọn tí ìwé kíkọ jẹ́ olórí iṣẹ́ wọn, ẹni tí ó wà ní àárín gbùngbùn ń rí 7,000 pọ́n-ùn lọ́dún nínú rẹ̀. Ìyẹn kò tó 600 pọ́n-ùn lóṣù. Ní ọdún 2006, 12,330 ni. Òfin ọdún 1979 ní kí ìjọba máa san nǹkan fún òǹkọ̀wé bí àwọn ènìyàn bá yá ìwé rẹ̀ ní láíbúrárì, sísan rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1984. Àmọ́ pẹ́nì díẹ̀ ni lórí yíyá kọ̀ọ̀kan.

Kí ni kí á wá sọ fún ọmọ wa? Ẹ̀yin òbí, ìbéèrè ìyá rẹ̀ bọ́ sí i, ìtàn sì ti dáhùn rẹ̀: òun nìkan kọ́ ni yóò jẹ. Burgess, Johnson, Fágúnwà, Tutùọlá àti Ìṣọ̀lá, kò sí ọ̀kan tí kò ní iṣẹ́ míràn lọ́wọ́. Kí ọmọ náà kọ́ iṣẹ́, kí ó sì máa kọ̀wé. Bí ẹ bá ní kí ó fi ìwé kíkọ sílẹ̀ títí yóò fi lówó, ẹ rántí pé kò sí ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí tí ó dúró de owó kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó lọ wo ilé Burgess Foundation ní Cambridge Street ní àárín ìlú, kí ó mọ̀ pé ọmọ àdúgbò tirẹ̀ ni wọ́n ń bu ọlá fún níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kù fún àwa àgbà pẹ̀lú. A ń kérora pé àwọn ọmọ wa kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ìwé Yorùbá mélòó ni ó wà nílé wa? Bí a bá lọ sílé ní oṣù Kejìlá, ẹ̀gúsí, gaàrí àti aṣọ ni à ń dì bọ̀. Kí á fi ìwé méjì sí i, kí á sì fi owó rà wọ́n, kí á má tọrọ wọn lọ́wọ́ ẹni tí ó kọ ọ́. Ẹni tí ó ń kọ̀wé ní Ìbàdàn lónìí ní owó ilé láti san bíi tiwa.