Àgbàṣe

Láti inú ‘gbà’ àti ‘ṣe’ ni a ti ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ yìí: iṣẹ́ tí a gbà ṣe fún owó. Láyé àtijọ́, nígbà tí ó jẹ́ pé iṣẹ́ ni a fi ń san àáró padà, tí ọ̀wẹ̀ sì jẹ́ ti àna àti ọ̀rẹ́, alágbàṣe ni àlejò tí ń kọ ebè lóko olóko, tí a ń ka ebè kí a tó sanwó fún un. Àbúrò rẹ̀ tí ó wọ ìlú ni ‘agbaṣẹ́ṣe’, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ìjọba, tí ó gba iṣẹ́ ọ̀nà tàbí ti ilé ìwé. Ṣùgbọ́n bí ó bá di ká gbẹ́lẹ̀, ká po kankéré, alágbàṣe olówó òòjọ́, tí kò mọ owó ìfẹ̀yìntì, ni yóò ránṣẹ́ pè. Ìròyìn Àjọ Àgbáyé fún Ọ̀rọ̀ Iṣẹ́ lórí Kẹ́ńyà ní 1972 ni ó jẹ́ kí pípín iṣẹ́ sí èyí tí ó wà lákọsílẹ̀ àti èyí tí kò sí lákọsílẹ̀ gbajúmọ̀. Àmọ́ gbòǹgbò kan ṣoṣo ni èdè wa fi bí alágbàṣe àti agbaṣẹ́ṣe, àwọn méjèèjì sì nílò ara wọn, nítorí ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè.