Ọ̀kẹ́ Mẹ́fà: Ìjà Owó-Orí àti Ààfin Ogbómọ̀ṣọ́ ní 1969

Bí a bá dárúkọ Agbẹ́kọ̀yà, Ìbàdàn ni ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń lọ: gbọ̀ngàn Máàpó, abúlé Akànràn àti Tàfá Adéoyè tó jẹ́ olórí wọn. Ṣùgbọ́n díẹ̀ ni ìlú tí ìjà owó-orí náà ṣe lọ́ṣẹ́ tó Ogbómọ̀ṣọ́.

Ogun abẹ́lé ń lọ lọ́wọ́ nígbà náà, ìjọba Ọ̀gágun Adéyínká Adébáyọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn sì ń wá owó. Owó-orí ń lọ sókè, owó kòkó kò tó nǹkan, ọ̀nà oko ti bàjẹ́, àwọn agbowó-orí àti wolé-wolé kò sì jẹ́ kí ará oko sinmi. Ní oṣù Kọkànlá 1968, ọ̀rọ̀ náà di ìjà ní Ìbàdàn. Ìjọba ní kí Adájọ́ Ayọ̀ọlá wádìí ohun tó fà á, àmọ́ ìwádìí kò paná rẹ̀.

Ohun tí àwọn àgbẹ̀ ń béèrè kò lọ́jú pọ̀. Wọ́n ní ọ̀kẹ́ mẹ́fà ni àwọn yóò san, ìyẹn 30 ṣílè. Ìṣirò ayé owó ẹyọ ni ọ̀kẹ́. Ẹni tí kò wọ ilé ìwé rí mọ iye tí í ṣe, àgbẹ̀ Ẹ̀gbá àti ti Ọ̀yọ́ sì lè fi ohùn kan sọ ọ́. Ibẹ̀ ni agbára wọn wà.

Ogbómọ̀ṣọ́ kì í ṣe ilẹ̀ kòkó. Iṣu, àgbàdo àti òwò ni ọ̀pọ̀ fi ń jẹun níbẹ̀, owó-orí tí a bù kan gbogbo ènìyàn kò sì wo ohun tó wà nínú àká ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àárín ni ọba wà: ìjọba ń retí pé kí ó ti òun lẹ́yìn kí owó lè wọlé, ará ìlú ń retí pé kí ó bá wọn bẹ ìjọba. (Ní Ọ̀yọ́, ìtẹ́ ṣófo lásìkò yìí, Aláàfin Gbádégẹṣin Ládìgbòlù Kejì ti wàjà ní 1968, ó sì di 1970 kí Làmídì Adéyẹmí tó jọba.) Ní oṣù Keje 1969, àwọn tínú ń bí ya wọ ààfin Ogbómọ̀ṣọ́, wọ́n sì pa Ṣọ̀ún, Ọba Ọlájídé Ọláyọdé, tó gorí oyè ní 1966.

Ẹ̀dùn ọkàn wọn tọ́. Ìpànìyàn náà kò tọ́. Yorùbá ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ ọba. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, Baṣọ̀run àti Ọ̀yọ́ Mèsì ni í kọ Aláàfin, lẹ́yìn àpérò. Kì í ṣe èrò ọ̀nà ni í ṣe é.

Ní oṣù Kẹsàn-án, àwọn àgbẹ̀ já ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi ní Ìbàdàn, wọ́n tú àwọn tó wà níbẹ̀ sílẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, kọmíṣánnà ìṣúná ìjọba àpapọ̀, lọ bá Tàfá Adéoyè ní Akànràn. Owó-orí wá sílẹ̀ sí 40 ṣílè, ìyẹn ọ̀kẹ́ mẹ́jọ, àwọn àgbẹ̀ sì gbà. Oṣù mẹ́ta ti kọjá tí wọ́n ti pa Ọba Ọláyọdé.