Gìtá Tí Ó Ń Gbè: T-Bone Walker nínú Ìtàn Orin Búlúùsì

Ó ṣeé ṣe kí ó ya ẹlòmíràn lẹ́nu pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni ó dìde láti sọ̀rọ̀ nípa onígìtá. Ìdáhùn mi kò gùn. Lítíréṣọ̀ alohùn ni mo ń kọ́ni, orin búlúùsì tí àwọn ènìyàn dúdú ilẹ̀ Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ sì jẹ́ lítíréṣọ̀ alohùn pọ́ńbélé. Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni Aaron Thibeaux Walker, ẹni tí ayé mọ̀ sí T-Bone Walker. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀ púpọ̀, n kò sì ní fi ìfẹ́ náà pamọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ nìkan kọ́ ni ó mú mi wá síhìn-ín. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé ọkùnrin yìí ni ó kọ́ gìtá oníná mànàmáná ní ọ̀rọ̀ sísọ nínú orin búlúùsì, àti pé ohun tí ó dá sílẹ̀ tàn kálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ kúrò lára rẹ̀.

Ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Linden, ní ìpínlẹ̀ Texas, ni a ti bí i ní ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún ọdún 1910. Ọdún 45 ti kọjá nígbà náà tí a ti kéde òmìnira fún àwọn ẹrú Texas, ṣùgbọ́n òmìnira tí òfin ìyàsọ́tọ̀ ká mọ́lẹ̀ ni. Ilé-ìwé ọ̀tọ̀, ìjókòó ọ̀tọ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin, ẹnu ọ̀nà ọ̀tọ̀ ni ti ènìyàn dúdú. Ìyá rẹ̀ gbé e lọ sí Dallas nígbà tí ó ṣì kéré, ibẹ̀ ni ó sì dàgbà sí. Àwọn tí ó rò pé orúkọ ẹran ni wọ́n fi ń pè é ṣìnà díẹ̀: Thibeaux, orúkọ àárín rẹ̀, ni ẹnu àwọn ènìyàn lọ́ títí ó fi di T-Bone. Ọkọ ìyá rẹ̀, Marco Washington, mọ oríṣiríṣi ohun èlò olókùn lò, ó sì wà nínú ẹgbẹ́ Dallas String Band. Nítorí náà ọmọ náà kò wá orin lọ sí ibòmíràn. Orin ni ó bá nílé.

Ọ̀kan nínú àwọn àlejò ilé náà ni Blind Lemon Jefferson, afọ́jú olórin tí àwọn àwo rẹ̀ yóò gba gbogbo ilẹ̀ gúúsù Amẹ́ríkà kan láti ọdún 1926 títí di ìgbà ikú rẹ̀ ní 1929. Kí ó tó di olókìkí, ojú pópó Dallas ni ó ti ń kọrin, Walker ọmọdé ni ó sì máa ń fà á lọ́wọ́ láti ìdí ilé ọtí kan dé òmíràn, tí ó sì ń bá a gba owó tí àwọn ènìyàn bá jù sínú agolo. Ẹ̀yin tí ẹ ti rí ọmọdé tí ń di ọ̀pá mú fún afọ́jú ní ìgboro mọ irú iṣẹ́ náà. Mo dúró lórí ọ̀rọ̀ yìí nítorí pé ilé-ẹ̀kọ́ ni ó jẹ́ fún un. Bí Jefferson bá kọ ìlà orin kan tán, yóò jẹ́ kí gìtá rẹ̀ dá a lóhùn, ìdáhùn náà sì lè gùn tàbí kí ó kúrú bí ó bá ti wù ú. Ọmọ tí ń fà á lọ́wọ́ ń gbọ́ eléyìí láti òwúrọ̀ títí di alẹ́.

Ní 1929, nígbà tí Walker jẹ́ ọmọ ọdún 19, ilé-iṣẹ́ Columbia gba orin méjì sílẹ̀ láti ẹnu rẹ̀. Oak Cliff T-Bone ni wọ́n kọ sára àwo náà, nítorí àdúgbò Oak Cliff ní Dallas. Kò sí ohun púpọ̀ tí ó ti ibẹ̀ jáde; ọdún náà ni ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dojú dé, ó sì tó ọdún mẹ́wàá kí a tó tún gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú àwo. Láàárín àkókò yìí ni ó kó lọ sí Los Angeles, níbi tí ó ti ń jó tí ó sì ń kọrin ní ilé fàájì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa gìtá fúnra rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa wà. Nínú ẹgbẹ́ olórin ńlá ti ayé ìgbà náà, tí àwọn afọnfèrè lè tó mẹ́wàá tàbí kí wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ, gìtá kò ní ẹnu. Ẹni tí ó mú un lọ́wọ́ kàn ń ti ìlù lẹ́yìn ni. Bí ó bá gbìyànjú láti dá orin tirẹ̀ gbé, fèrè yóò bò ó mọ́lẹ̀. Ní 1936 ni ilé-iṣẹ́ Gibson gbé gìtá kan jáde tí wọ́n pè ní ES-150. Lábẹ́ àwọn okùn irin rẹ̀ ni irin òòfà kan wà, tí a fi wáyà tín-ín-rín wé ní àwétúnwé. Bí okùn bá gbọ̀n, yóò da agbára òòfà náà láàmú, ìdàláàmú yìí yóò sì bí iná mànàmáná díẹ̀ nínú wáyà. Iná díẹ̀ yìí ni ẹ̀rọ amóhùnbúgbàmù ń sọ di ńlá, tí ó sì ń yí padà di ohùn.

N kò ní parọ́ fún yín pé Walker ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó lo irú gìtá bẹ́ẹ̀. George Barnes ti fi í sínú àwo búlúùsì ní Chicago ní 1938. Eddie Durham náà lò ó ní ọdún yẹn. Ní 1939 ni Charlie Christian wọ ẹgbẹ́ Benny Goodman, tí ó sì fi gìtá oníná yí orin jáàsì padà. Ọ̀rẹ́ ni Christian àti Walker láti ìgbà èwe. Ọ̀dọ̀ olùkọ́ kan náà, Chuck Richardson ní Oklahoma City, ni àwọn méjèèjì ti gba ẹ̀kọ́. Christian kú ní 1942, kò ju ọmọ ọdún 25 lọ. Ẹni tí ó kọ́kọ́ di ohun èlò mú kọ́ ni mo ń wá. Ẹni tí ó mọ ohun tí a lè fi í sọ ni mo ń wá.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ariwo ni iná mànàmáná fi kún gìtá. Òdìkejì rẹ̀ ni etí mi gbọ́ nínú iṣẹ́ Walker. Onígìtá tí kò ní iná ní láti lu okùn tipátipá kí ẹni tí ó wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn tó gbọ́ ọ, ohùn náà a sì tètè kú. Iná mànàmáná fún Walker ní ààyè láti rọra. Ó lè fi ìka kan tẹ okùn kan ṣoṣo. Ó lè fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ohùn rẹ̀ máa yọ́ gòkè, gẹ́gẹ́ bí èyí tí àwọn onímọ̀ èdè wa ń pè ní ohùn ẹlẹ́yọ̀ọ́ròkè. Ó lè dákẹ́, kí gbogbo ènìyàn máa retí rẹ̀, kí ó sì tún bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí ìlù ti kọjá díẹ̀. Gbogbo ìwọ̀nyí ni elédè ẹnu ń ṣe. Nígbà tí ó bá wà lórí ìtàgé, kò gbé gìtá náà mọ́ àyà bí àwọn yòókù. Yóò gbé e jìnnà sí ara, yóò sì tẹ́ ẹ bẹẹrẹ kí ojú rẹ̀ máa wo òkè.

Ní 1940 ó kọ orin kan tí ń jẹ́ «T-Bone Blues» pẹ̀lú ẹgbẹ́ Les Hite. Ohùn rẹ̀ ni ẹ ó gbọ́, ṣùgbọ́n Frank Pasley ni ó ta gìtá inú rẹ̀, àṣìṣe ni láti máa fi àwo náà júwe bí Walker ti ń ta gìtá. Oṣù Keje ọdún 1942 ni ẹ̀rí tòótọ́ bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ó ṣe «Mean Old World» àti «I Got a Break, Baby» fún ilé-iṣẹ́ Capitol. Díẹ̀ báyìí ni ó kù kí ó má ṣeé ṣe: ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ ọdún náà ni ẹgbẹ́ àwọn olórin Amẹ́ríkà dáṣẹ́ sílẹ̀, tí wọn kò sì gbà láti ṣe àwo mọ́ fún ìgbà pípẹ́.

Ọjọ́ 13 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1947 ni ó ṣe iṣẹ́ tí mo gbé sókè ju gbogbo ìyókù lọ, «Call It Stormy Monday (But Tuesday Is Just as Bad)». Ẹgbẹ́ kékeré ni ó kó lọ: Lloyd Glenn nídìí píánò, Bumps Myers àti Teddy Buckner pẹ̀lú fèrè, onílù kan, àti ẹni tí ń ta okùn ńlá. Orin náà ń ka àwọn ọjọ́ inú ọ̀sẹ̀ fún òṣìṣẹ́ tí ayé kò rọ̀ fún. Ọjọ́ tí àwa fi orúkọ Ajé pè, ìjì ni òun fi pè é, àwọn ọjọ́ tí ó tẹ̀ lé e kò sì sàn jù ú. Owó ọ̀yà ń dé ní Ọjọ́ Ẹtì, ìgbádùn wà ní Àbámẹ́ta, ní Ọjọ́ Ìsinmi ọkùnrin náà yóò lọ kúnlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìgbà tí a bá dé ibẹ̀ ni a tó mọ̀ dájú pé obìnrin tí ó lọ ni ìdí ẹkún náà. Kò sí ọ̀rọ̀ líle kankan nínú rẹ̀. Ìlà mẹ́ta ni ẹsẹ kọ̀ọ̀kan ní. A óò wí ti àkọ́kọ́, a óò tún un wí, ti ẹ̀kẹta yóò sì pa á dé. Ṣùgbọ́n ohùn ènìyàn kò gba ju nǹkan bí ìdajì àkókò ìlà kọ̀ọ̀kan lọ. Ìdajì tí ó kù ṣófo, nínú òfìfo yìí ni Walker fi gìtá sí.

Bí a bá fi ojú àwa tí ń ṣiṣẹ́ lórí orin ìbílẹ̀ wò ó, lílé àti ègbè ni èyí. Walker ń lé, gìtá rẹ̀ ń gbè. Ohun tí ó jẹ́ ìyanu fún mi ni pé ègbè yìí kì í tún ohun tí a lé sọ. Nígbà mìíràn ó ń ṣàánú ẹni tí ń kọrin. Nígbà mìíràn ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ti ibí yìí lọ wí pé mo ní Yorùbá ni ó ni búlúùsì. Ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ni a ti kó àwọn ẹrú lọ sí Amẹ́ríkà, láti Senegambia títí dé Angola, àwọn ènìyàn wa kò sì pọ̀ níbẹ̀ bí wọ́n ti pọ̀ ní Brazil àti Cuba. Ọ̀rọ̀ tiwa ni mo fi ń là á yé ara wa.

Àwo náà dé ipò 5 nínú àtẹ àwọn àwo ènìyàn dúdú ní 1948. Láti ibẹ̀ ni ìtàn rẹ̀ ti di méjì. Èkínní dùn mọ́ni. B.B. King, ọ̀dọ́mọkùnrin láti Mississippi, gbọ́ ọ. Ó sì tún un sọ títí ó fi kú ní 2015 pé orin yìí ni ó mú kí òun wá gìtá oníná ní tipátipá. Bí King ti ń kọrin tán kí ó tó ta, tí kò sì í ṣe méjèèjì pọ̀, ọ̀nà Walker ni. Chuck Berry náà jẹ́wọ́ pé òun kọ́gbọ́n lára rẹ̀. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ ń pariwo ní nǹkan bí ọdún 1967 pé Jimi Hendrix gbé gìtá sẹ́yìn orí tí ó sì ń ta á, àwọn àgbà Dallas àti Los Angeles ti rí eré náà ní ogún ọdún ṣáájú, láti ọwọ́ ọkùnrin tí yóò tún ya ẹsẹ̀ sọ̀tún-sósì títí yóò fi kan ilẹ̀, tí gìtá kò sì ní dákẹ́.

Èkejì kò dùn. Ní 1942, ọdún márùn-ún ṣáájú àwo Walker, Earl Hines àti Billy Eckstine ti ṣe orin kan tí ń jẹ́ «Stormy Monday Blues». Orin ọ̀tọ̀ pátápátá ni. Nígbà tí Bobby Bland wá kọ orin Walker, tí ó jáde ní 1962, orúkọ orin àkọ́kọ́ yìí ni wọ́n tẹ̀ sára àwo náà. Àwo Bland dára púpọ̀, gìtá Wayne Bennett inú rẹ̀ sì fi hàn gbangba pé ọmọ Walker ni. Ọ̀dọ̀ Bland ni ọ̀pọ̀ ti kọ́ ọ, títí kan ẹgbẹ́ Allman Brothers tí ó ta á ní New York ní 1971. Àṣìṣe orúkọ náà sì bá wọn lọ. Orúkọ orin ni àwọn tí ń pín owó orin fi ń mọ ẹni tí owó tọ́ sí. Nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, «Blues», tí a lẹ̀ mọ́ orúkọ orin rẹ̀, owó tí ó yẹ kí ó dé ọwọ́ Walker lọ sọ́dọ̀ àwọn tí kò kọ ìlà kan nínú rẹ̀. Èmi pàápàá, ẹnu ẹlòmíràn ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ orin náà nígbà tí mo jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Mo sì fi ọdún púpọ̀ pe ẹni tí ó jogún ní ẹni tí ó ni ín. Nínú ẹ̀kọ́ tiwa, níbi tí a ti ń kọ «a kò mọ ẹni tí ó dá a» sí abẹ́ orin alohùn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí máa dà wá láàmú.

Ní 1962 kan náà ó rìnrìn-àjò lọ sí Yúróòpù pẹ̀lú American Folk Blues Festival, àwọn ọ̀dọ́ funfun ibẹ̀ sì pé lé e lórí. Ẹ̀bùn Grammy kàn án ní 1971 fún àwo «Good Feelin'». Ó kú ní Los Angeles ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹta ọdún 1975, ní ọmọ ọdún 64. Ní 1987, ọdún 12 lẹ́yìn ikú rẹ̀, ni wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sínú Rock and Roll Hall of Fame.

Mo mú àwo 1947 náà wá, kò gùn ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 3 lọ. Mo bẹ̀ yín, ẹ má kọ́kọ́ fi etí sí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ máa retí ibi tí Walker ti dákẹ́ lẹ́yìn ìlà kìíní, kí ẹ wo ẹni tí yóò dá a lóhùn. Ẹ̀yin tí ẹ wà nídìí ẹ̀rọ, ẹ bá wa tàn án.