Ìwádìí Àpáta Lórí Ilẹ̀ Gíga Jos: Ta Ni Ó Ṣàwárí Tánganran?

Ilẹ̀ gíga Jos, ní àárín gbùngbùn Nàìjíríà, ga tó nǹkan bí mítà 1,200 sí ìtẹ́jú òkun. Ògiri àpáta ni ó yí púpọ̀ nínú rẹ̀ ká, tí ó fi jẹ́ pé ogun ẹlẹ́ṣin pàápàá kò rí i gùn bọ̀rọ̀. Ohun tí ó wọ́pọ̀ nínú àkọsílẹ̀ ayé amúnisìn ni pé àwọn òyìnbó ni ó ṣàwárí tánganran níbẹ̀ lẹ́yìn ọdún 1900. Ọ̀rọ̀-ìṣe náà, 'ṣàwárí', tó ohun tí ó yẹ kí á yẹ̀ wò fínnífínní.

Kí òyìnbó tó fẹsẹ̀ tẹ orí òkè náà ni àwọn ènìyàn ti ń fọ tánganran, tí àwọn Hausa ń pè ní kuza, láti inú iyanrìn odò. Ní Liruein Delma, ní ìhà àríwá, àwọn alágbẹ̀dẹ a máa fi èédú àti ẹwìrì yọ́ ọ nínú ìléru alámọ̀. Wọn a sì dà á sí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi koríko, tí àwọn oníṣòwò ń kó lọ sí ọjà. Àwọn oníṣẹ́ ọnà a máa fi í bo ara ohun-èlò idẹ.

Tánganran inú ọjà yìí ni ó fa ojú Royal Niger Company mọ́ra. Ní 1902, Niger Company rán George Nicolaus, onímọ̀ ìwakùsà, láti wá ibi tí ó ti ń wá. H. W. Laws tẹ̀lé e, ó sì pàgọ́ sí Naraguta, nítòsí odò Delimi. Àwọn àgbà ní àlejò lójú, kò fi ríran. Onílé ni í mọ̀nà. Ọjà ni ó júwe ìléru fún àwọn àlejò yìí, ìléru sì júwe odò.

Síbẹ̀, kò ní jẹ́ òdodo láti sọ pé àwọn onímọ̀ jìọ́lọ́jì kò fi ohunkóhun kún ìmọ̀ tí wọ́n bá nílẹ̀. Láàárín 1904 àti 1909, J. D. Falconer, ọmọ ilẹ̀ Scotland, ṣe olórí ìwádìí ohun àlùmọ́ọ́nì ní Àríwá Nàìjíríà. Ó tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ ní 1911. Nígbà tí ìjọba dá ẹ̀ka ìwádìí jìọ́lọ́jì Nàìjíríà sílẹ̀ ní 1919, òun ni ọ̀gá àkọ́kọ́. Ó fi hàn pé gíráníìtì àgbègbè náà kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn: ti àtijọ́ wà, ti ẹ̀yìn sì wà. Ara ti ẹ̀yìn ni tánganran ti wá. Òjò àti odò fọ̀ ọ́ kúrò lára àpáta. Nígbà tí ó yá, àpáta yíyọ́ láti inú ilẹ̀ ṣàn bo àwọn odò àtijọ́ kan mọ́lẹ̀. Alágbẹ̀dẹ mọ ibi tí tánganran wà. Onímọ̀ jìọ́lọ́jì sọ ìdí tí ó fi wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn ilé-iṣẹ́ ìwakùsà ni ó jèrè ìmọ̀ méjèèjì. Ọkọ̀ ojú irin láti Zaria dé Bukuru ní 1914. Iná ìléru àwọn alágbẹ̀dẹ kú. Kòtò ìwakùsà jẹ oko àwọn Berom. Nígbà tí Màláyà bọ́ sọ́wọ́ Jàpáànù ní 1942, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi tipátipá kó àwọn ènìyàn tí ó lé ní 100,000 lọ wa tánganran lórí òkè náà. Kòtò tí omi kún ṣì pọ̀ níbẹ̀ títí di òní.

Nítorí náà, ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín 'ṣàwárí' àti 'tọpa dé' kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ẹni tí a bá ní ó ṣàwárí nǹkan ni a máa ń kà sí ẹni tí ó ni ín. Bí ìtàn bá sì ti gba ọ̀rọ̀-ìṣe yẹn lọ́wọ́ onílé, ilẹ̀ náà kò ní í pẹ́ tẹ̀lé e.