Olúgànbe Nìkan Kò Lé Sòbìà Lọ

Oṣù kọkànlá ọdún 2008 ni a rí ẹni ìkẹyìn tí sòbìà mú ní Nàìjíríà. Ìpínlẹ̀ Enúgù ni ẹni náà wà. Ní oṣù kan náà, ní òkè òkun, àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ṣẹ̀ṣẹ̀ rí aràn tuntun kan tí wọ́n sọ ní Conficker. Ọ̀kan ń di ẹrù rẹ̀ lọ, èkejì ń sọ ẹrù tirẹ̀ kalẹ̀. Ìpàdé lásán ni; kò sí ẹni tí ó rán ọ̀kan tẹ̀lé èkejì. Síbẹ̀, bí a bá gbé ìtàn àwọn méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, a ó rí ìdí tí ti àkọ́kọ́ fi lọ pátápátá, tí irú èkejì sì fi ń padà wá bá wa ní Èjìgbò àti agbègbè rẹ̀ títí di òní.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ rántí sòbìà, nítorí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ kò mọ̀ ọ́n mọ́ àfi nínú òwe. Inú omi adágún tí gbogbo ìlú ń pọn ni ènìyàn ti ń mu ún. Kòkòrò tín-ín-tín kan nínú omi ni ó gbé ọmọ aràn náà. Yóò dàgbà nínú ara fún nǹkan bí ọdún kan, yóò gùn tó mítà kan, lẹ́yìn náà yóò dá ara lu, ní ẹsẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Bí ẹsẹ̀ náà ṣe ń ta aláìsàn bí iná ni yóò lé e padà sínú omi láti fi tu ara, ibẹ̀ gan-an ni aràn náà yóò sì ti da ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn láti mu. Ní ọdún 1988, iye àwọn tí sòbìà mú ní Nàìjíríà lé ní 650,000. Àwọn àgbà sọ pé bí sòbìà yóò bá degbò, olúgànbe là á ké sí. Òótọ́ ni, ewé náà wà fún egbò. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo ni olúgànbe ń tọ́jú. Kò lè tọ́jú omi gbogbo ìlú.

Ọdún 1988 yìí kan náà ni aràn kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ gbòde lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní ọjọ́ kejì oṣù kọkànlá, Robert Morris, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà, tú u sílẹ̀. Wọ́n fojú bù ú pé nǹkan bí ẹ̀rọ 6,000 ni ó kọlù. Fáírọ́ọ̀sì ni àwa ń pe gbogbo irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ya méjì sọ́tọ̀. Fáírọ́ọ̀sì a máa lẹ̀ mọ́ fáìlì mìíràn kí ó tó lè rìn. Aràn ní tirẹ̀ a máa dá rìn: yóò ṣe ẹ̀dà ara rẹ̀, yóò sì wá ọ̀nà tí àwọn ẹ̀rọ fi ń bá ara wọn pín nǹkan.

Ọ̀nà ìpínnǹkan náà gbòòrò lójijì nígbà tí Napster dé ní ọdún 1999, tí Gnutella tẹ̀lé e ní 2000, tí Kazaa sì dé ní 2001. Ẹni tí ó wà ní Tokyo lè wá orin nínú kọ̀ǹpútà ẹni tí ó wà ní London, láìmọ ara wọn rí. Adágún ńlá ni, gbogbo ènìyàn ń pọn nínú rẹ̀. Kò pẹ́ tí aràn fi wọ inú omi náà. Ní oṣù kejì ọdún 2001, èyí tí wọ́n ń pè ní Mandragore wọ Gnutella: orúkọ ohunkóhun tí ènìyàn bá ń wá ni yóò fi pe ara rẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2002, Benjamin wọ Kazaa. Yóò dá fódà kan sílẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà, yóò fi ẹ̀dà ara rẹ̀ kún un, yóò sì fi orúkọ orin, fíìmù àti eré tí àwọn ènìyàn fẹ́ràn bo ara rẹ̀ lójú. Ẹni tí ó bá ṣí i yóò rí ọ̀rọ̀ kan pé fáìlì náà ti bàjẹ́, yóò sì rò pé kò sí nǹkan kan tí ó ṣẹlẹ̀.

Ní ọdún 2002 yẹn, tẹlifóònù alágbèéká GSM kò tíì ju ọdún kan lọ ní Nàìjíríà. Díẹ̀ ni àwọn tí íntánẹ́ẹ̀tì wọn yá tó láti fi Kazaa gba orin. Ọwọ́ sí ọwọ́ ni ìpínnǹkan tiwa. Èjìgbò sì jẹ́ ìlú tí ó mọ ìpínnǹkan dáadáa, nítorí ó ti pẹ́ tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń ṣòwò ní Àbíjàn. Mọ́tò a máa gbéra láti Èjìgbò, yóò gba ilẹ̀ Benin, Tógò àti Gánà kọjá kí ó tó dé Côte d'Ivoire. Ìdí nìyẹn tí èdè Faransé kò fi ṣàjèjì nígboro Èjìgbò, tí owó séfà náà sì mọ ọ̀nà ọjà rẹ̀. Nígbà tí fláàṣì àti mẹ́mọ́rì káàdì dé, wọ́n bá àṣà tí ó ti wà nílẹ̀ ni: ohun tí ọ̀kan bá ní, kí èkejì náà ní in. Orin, fíìmù, àwòrán ìgbéyàwó, iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́, gbogbo rẹ̀ ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn, láti Máṣífà dé Ifẹ̀-Ọ̀dàn.

Conficker mọ irú ọ̀nà yìí lò. Àléébù kan wà nínú Windows, níbi tí ẹ̀rọ ti ń bá ẹ̀rọ pín fáìlì àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Microsoft ti gbé àtúnṣe rẹ̀ jáde ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kẹwàá ọdún 2008, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ kò gbà á. Nígbà tí ọdún náà fi máa parí, aràn náà ti kọ́ bí a ṣe ń gun fláàṣì. Bí wọ́n bá ti ki fláàṣì bọ kọ̀ǹpútà, yóò wọlé. Bí ó bá sì wọlé, yóò dí ọ̀nà mọ́ ẹni náà kí ó má bàa rí ojúlé àwọn tí ń ta oògùn rẹ̀. Ilé iṣẹ́ F-Secure fojú bù ú ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2009 pé nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́sàn-án kọ̀ǹpútà ni ó ti wọ̀. Àwọn ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Faransé pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́dọ̀ tiwa, àwọn ìbátan rẹ̀ ni ó dá wa lágara jù, pàápàá èyí tí àwọn ọmọ kàfé ń pè ní "shortcut virus". Akẹ́kọ̀ọ́ yóò gbé iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ lọ sí bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà láti tẹ̀ ẹ́ jáde. Nígbà tí yóò bá fi ṣí fláàṣì rẹ̀, ọfà kékeré nìkan ni yóò kù lórí orúkọ àwọn fáìlì rẹ̀. Iṣẹ́ náà kò sọnù. Aràn náà kàn fi wọ́n pamọ́ ni, ó sì fi ara rẹ̀ sí ipò wọn. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n yóò kọ àṣẹ kan ṣoṣo sínú kọ̀ǹpútà, gbogbo rẹ̀ yóò sì hàn padà. Ẹni tí kò mọ̀ yóò ní kí wọ́n fọ́máàtì fláàṣì náà. Iṣẹ́ oṣù mẹ́fà yóò lọ, aràn yóò sì wà nínú kọ̀ǹpútà sẹ́ńtà náà, tí ó ń dúró de oníbàárà tí ó kàn. Olúgànbe nìyẹn: a tọ́jú ẹsẹ̀, a fi omi sílẹ̀.

Àwọn tí ó borí Conficker kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2009, àwọn ilé iṣẹ́ tí wọ́n máa ń bá ara wọn díje para pọ̀. Wọ́n gba àwọn orúkọ ojúlé tí aràn náà ń lọ gba àṣẹ ní ojoojúmọ́ kí ẹni tí ó ṣe é má bàa rí wọn lò. Microsoft ní òun yóò fún ẹni tí ó bá tú àṣírí oníṣẹ́ náà ní 250,000 dọ́là. Ní oṣù kejì ọdún 2011, ó ti ilẹ̀kùn tí fláàṣì ń gbà dá ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ nínú àwọn Windows àtijọ́. Níbi tí àtúnṣe náà dé, irú aràn bẹ́ẹ̀ dínkù gidigidi. Níbi tí kò dé, ó ń bá ìrìn rẹ̀ lọ. Ọjọ́ kejìlá oṣù karùn-ún ọdún 2017 tún jẹ́rìí sí i, nígbà tí WannaCry gba ọ̀nà ìpínfáìlì yìí kan náà wọ ẹ̀rọ tí ó lé ní 200,000 ní nǹkan bí orílẹ̀-èdè 150, tí ó ń gba owó ìtúsílẹ̀. Àtúnṣe rẹ̀ ti wà nílẹ̀ láti oṣù kẹta.

Àwọn kan yóò ní owó dátà ni ó dí wa lọ́wọ́, àti pé Windows tí a kò rà lójúlówó ni ó pọ̀ láàárín wa. Ọ̀rọ̀ wọn ní ìdí. Ṣùgbọ́n sòbìà náà, àìsàn tálákà ni. Kò ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, kò ní oògùn tí ń pa á. Ohun tí ó lé e lọ ni aṣọ tí a fi ń sẹ́ omi, kànga tí a gbẹ́, àti àwọn ará abúlé tí wọ́n yàn láàárín ara wọn láti máa kíyè sí ẹni tí egbò rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, kí ó má ṣe kó ẹsẹ̀ bọ omi. Ọ̀gágun Yakubu Gowon fúnra rẹ̀ ń rin abúlé dé abúlé nítorí rẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Nàìjíríà ti bọ́.

Lónìí, bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà, yàrá kọ̀ǹpútà ilé ìwé, àti ṣọ́ọ̀bù ẹni tí ń tún fóònù ṣe ni adágún wa. Àwọn ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ń pọn nínú rẹ̀. Bí ìjọba ìbílẹ̀ àti àjọ NITDA bá fẹ́ ná owó lórí ọ̀rọ̀ yìí, ibẹ̀ ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀: kí wọ́n kọ́ àwọn onísẹ́ńtà bí a ṣe ń yẹ fláàṣì wò kí a tó ṣí i, kí wọ́n sì pèsè àtúnṣe Windows fún wọn láìgba owó. Ẹni tí ó bá sẹ́ omi fún ọgọ́rùn-ún ènìyàn ti ṣe ju ẹni tí ó fi ewé di ọgọ́rùn-ún egbò lọ.